Gbígbọ́ Gẹ̀ẹ́sì Yàtọ̀ sí Mímọ̀ Ọ́n Kọ́ni

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí iṣẹ́ bá ti bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kíláàsì alẹ́ ni yóò ṣí. A kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ bí a ti ń kọ́ àgbàlagbà ní èdè tí kì í ṣe tirẹ̀? Wọn a fòfin de Yorùbá, wọn a fi àgbà ṣẹ̀sín. Láìpẹ́, àga a ṣófo. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò lè ka ìkìlọ̀ ara ẹ̀rọ, ẹ̀rọ lè gé e lọ́wọ́. Ẹni tí kò lè ka lẹ́tà ọ̀gá lè buwọ́ lu ohun tí yóò lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò rẹlẹ̀ sí ti ẹgbẹ́ wọn. Bí ti ọmọdé bá rí bẹ́ẹ̀, àgbà ńkọ́?

A kì í fi bọ́ọ̀sì lé ẹni tí kò ní láísẹ́ńsì lọ́wọ́. Kí ẹgbẹ́ fowó rán àwọn tó fẹ́ kọ́ wa lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ná. Ẹ gbé e wá sí ìpàdé!