Ilé Owó Idẹ

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọjọ́ ìkómọ la sábà máa ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ó bá owó idẹ tí àwọn ìlú abẹ́ Róòmù ń rọ láyé àtijọ́ mu gan-an.

Wúrà, ti Késárì ni. Idẹ tí aráàlú fi ń ná ọjà, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń rọ tirẹ̀, ó sì lé ní 500 ìlú tó ṣe bẹ́ẹ̀. Orí Késárì sábà máa ń wà lójú kan. Ojú kejì, ohun ilé ni. Éfésù ya òrìṣà wọn Átẹ́mísì síbẹ̀. Páfò ya òkúta ṣóńṣó tí wọ́n ń bọ.

Èyí tó wù mí jù ni ti Apamea, níbi tí ìlú Dinar wà ní Tọ́kì lónìí. Láyé Késárì Septimius Severus, wọ́n rọ owó kan níbẹ̀: ọkùnrin àti obìnrin wà nínú àpótí tó léfòó lórí omi, ẹyẹ kan bà lé e, òmíràn mú ẹ̀ka igi bọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tọkọtaya náà tún dúró lórí ilẹ̀, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Lẹ́tà Gíríìkì mẹ́ta wà lára àpótí náà: ΝΩΕ, Nóà. Nóà lára owó ìlú abọ̀rìṣà! Kò ní ya ẹni tó bá wo ilé lẹ́nu, nítorí àwọn Júù ti pọ̀ ní Apamea tipẹ́. Ní ọdún 62 ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tí Flaccus, gómìnà Róòmù, gbẹ́sẹ̀ lé owó tí wọ́n ń kó jọ fún Tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù, ìwọ̀n wúrà tó gbà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 pọ́n-ùn.

Owó idẹ kì í sábà rìn jìnnà. Bí orúkọ ìlú bá ti pa rẹ́ lára rẹ̀, ilẹ̀ tó ti jáde ṣì lè jẹ́rìí ọjà tí wọ́n ti ná an. Ẹ̀rí yìí gan-an ni àwọn olè ń bà jẹ́, ó sì ń dùn mí. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ tó ń wá irin wọ oko lóru, wọ́n á hú owó náà, wọ́n á fọ̀ ọ́, ó di orí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin tí Tọ́kì ṣe ní 1983 ní ìjọba ló ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ olè ò jáwọ́, nítorí oníbàárà ò yéé rà. Kí ẹni tó fẹ́ rà á kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n ti hú u. Bí kò bá rí èsì gidi, kó fi í sílẹ̀. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1997 ni ètò kan ti wà tí ẹni tó bá rí owó àtijọ́ lóko fi lè mú un tọ òṣìṣẹ́ lọ, kí wọ́n kọ ibi tó ti rí i sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, onítọ̀hún á tún mú owó rẹ̀ relé.