Ogun Òkèèrè, Gbèsè Ilé: Ohun Tó Fa Ogun Àdùbí ní 1918

Àwọn àgbà ní bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ni yóò fara gbá a. Òwe yìí ṣẹ mọ́ Ẹ̀gbá lára ní ọdún 1918, nígbà tí ìnira Ogun Àgbáyé Kìíní di ìjà láàárín àwọn ará Abẹ́òkúta àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ìjà náà ní ọ̀tẹ̀ owó-orí. Lójú tèmi, orúkọ yẹn kò tó. Àdéhùn tí wọ́n dà ni gbòǹgbò ọ̀ràn náà. Owó-orí ni ewé tí ó yọ.

Ní ọdún 1893, Gómìnà Carter bá Ẹ̀gbá tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pé wọn yóò máa ṣe ìjọba ara wọn. Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá sì ń fi owó ibodè tún ìlú ṣe. Ṣùgbọ́n ní 1914, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun yìnbọn pa ènìyàn ní Ìjemọ̀, ìjọba Lugard fagi lé àdéhùn náà.

Ọdún yẹn kan náà ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù. Jámánì, tó ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú èkùrọ́ wa, di ọ̀tá. Owó tí ìjọba ń rí lórí ọtí òyìnbó tó ń wọlé já wálẹ̀. Wọ́n sì ń kó ọmọ ogun àti aláàárù lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Lugard ti ní owó-orí lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Ogun ló sọ ọ́ di kánjúkánjú. Ní 1918, wọ́n gbé e lé Ẹ̀gbá lórí, wọ́n sì sọ ọba àti ìjòyè di agbowó-orí.

Ta ni wọ́n ń sọ èyí fún? Ọmọ Lísàbí, tó gba baba ńlá wọn lọ́wọ́ ìsákọ́lẹ̀ Ọ̀yọ́! Ní oṣù kẹfà, wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n sì pa ọba Òkè-Ọnà. Ìjọba fi àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé kojú wọn. Àwọn tó kú ju 500 lọ.

Ẹ kíyè sí i: Lugard ló pàṣẹ, ṣùgbọ́n ọba ilé ni ìbínú bọ́ sí lórí. Ìyẹn ni ọgbẹ́ tó jinlẹ̀ jù.

Gẹ̀ẹ́sì ti rí irú rẹ̀ rí. Ogun 1756 sí 1763 sọ wọ́n di onígbèsè. Ní 1765 wọ́n bu owó lé ìwé títẹ̀ àti ìwé àdéhùn fún àwọn ará Amẹ́ríkà, àwọn yẹn sì yarí pé a kò bá wọn gbìmọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá kọ 1918 sójú pátákó, ẹ kọ 1893 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má bèèrè iye owó náà nìkan. Ẹ bèèrè ẹni tí wọ́n bá gbìmọ̀ kí wọ́n tó gbà á.