Ṣọ́ọ̀ṣì là ń kọ́, a ò kọ́ tíṣà ìjọ

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú sílẹ̀ díẹ̀. Wọn ò ní sá lọ, a óò bá wọn níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn mi látìgbà tí mo ti dé láti Èkìtì, mi ò sì lè gbé e mì.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan la lọ sin ní abúlé kan lẹ́yìn Ìkọ̀lé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ọ̀nà yẹn, ẹ mọ̀ pé téèyàn bá ti kúrò l'Ádó, tó kọjá Ifàkì, tó dé Ọ̀yẹ́, tó wá kọrí sí Ìkọ̀lé, kò síbi tó máa wò tí kò ní í rí ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tá a wọ̀ lọ́jọ́ náà, háà, ó rẹwà! Táìlì ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ọ̀dà ara ògiri ṣì ń rùn, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tó dáwó sára òkúta mábù lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó ló ra fáànù, èyí tó wà ní London ló ra àga. Èmi náà ń kan sáárá sí wọn.

Ìgbà tí ìsìn bẹ̀rẹ̀ ni mo rí tíṣà ìjọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ. Fíkà ò tíì dé, torí ìjọ tó wà lọ́rùn tiẹ̀ náà pọ̀, òun ló kọ́kọ́ ń darí wa. Ohùn ẹ̀ dáa, ọ̀yàyà rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n nígbà tó di pé kó sọ̀rọ̀ ìtùnú fáwọn ọmọ olóògbé, mo rí i pé ó ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn.

Nígbà tá a jẹun tán, mo pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o. Ibo lẹ ti kọ́ iṣẹ́ yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, mi ò kọ́ ọ níbì kankan o. Wọ́n rí i pé mo mọ̀wé kà, ni wọ́n bá ní kí n máa ṣe é lọ. Ìjọ mẹ́ta ni mò ń bójú tó báyìí. Ọ̀kadà ni mo fi ń jẹun."

Mo béèrè àwọn ìwé tó ń lò. Bíbélì kan, Ìwé Orin tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, àti ìwé Ẹ̀kọ́ Ìsinmi ti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó parí. Owó tí ìjọ ń fún un lóṣù, kò ra àpò sìmẹ́ńtì kan. Ẹ sì wo sìmẹ́ńtì tá a lò sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn!

Ọ̀rọ̀ tó sọ tẹ̀lé e ni ò jẹ́ kí n sùn. Ó ní lóru ọjọ́ kan, obìnrin kan gbé ọmọ ẹ̀ wá, ara ọmọ náà gbóná bí iná, gìrì sì ti mú un. Ó ní òun gbàdúrà, òun tún gbàdúrà, òun ò mọ nǹkan míì tóun lè ṣe. Aládùúgbò kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé ọmọ náà lọ s'Ìkọ̀lé, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e dé ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó wà n'Ìdó. Ọlọ́run bá wọn ṣe é, ọmọ náà yè. Ni tíṣà bá wojú mi, ó ní, "Bàbá, ká ní ọmọ yẹn kú ńkọ́? Ọrùn ta ni ì bá wà?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò lè dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ọrùn tiẹ̀ nìkan.

Ẹ jẹ́ ká rántí bọ́rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ogun Kírìjì, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ẹ̀ ní 1886, lára àwọn ọmọ Èkìtì tí wọ́n kó lẹ́rú ń padà wálé. Wọ́n ti di onígbàgbọ́ níbi tí wọ́n wà, wọ́n sì mú ẹ̀sìn náà dání bọ̀. Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀pọ̀ ìlú wa, ọmọ onílé ni. Nígbà tó yá, tíṣà kan náà ló ń kọ́ ọmọdé ní ABD láti Mọ́ńdè dé Fúráìdeè, inú ilé yẹn náà ló sì ti ń wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé-ìwé, ilé-ìwé ni ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ìgbà náà ò fọ̀rọ̀ náà ṣeré. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó máa kọ́ni gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́. Ní 1896 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'Ọ́yọ̀ọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ tíṣà àtàwọn òṣìṣẹ́ ìjọ. Ní 1933, Àṣídíákónì Henry Dallimore dá Christ's School sílẹ̀ l'Ádó-Èkìtì. Táwọn èèyàn bá ń sọ pé kò sílé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n l'Ékìtì, ibẹ̀ wà lára orísun ẹ̀. Ní 1958, àwọn Áńgílíkà àtàwọn Mẹ́tọ́díìsì para pọ̀ dá Immanuel College sílẹ̀ n'Íbàdàn fún ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà.

Ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù Abíọ́dún Adétilóyè, ọmọ Odò-Ọwá wa níbí. Melville Hall n'Íbàdàn ló ti kẹ́kọ̀ọ́, ó tún re London, kó tó di Bíṣọ́ọ̀bù Èkìtì ní 1970, kó tó lọ s'Ékòó ní 1985, kó tó wá di olórí gbogbo Ìjọ Áńgílíkà ní Nàìjíríà títí di 1999. Ẹnì kan ló náwó ẹ̀kọ́ lé ọmọ abúlé yẹn lórí. Ká ní òkúta mábù ni wọ́n fowó náà rà, ṣé a máa gbọ́ orúkọ ẹ̀?

Ẹnì kan máa sọ pé, "Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń kọ́ni, kì í ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n Àjàyí Crowther tí Ẹ̀mí lò tó bẹ́ẹ̀, Fourah Bay ló wà ní 1827, lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Ó tún kẹ́kọ̀ọ́ ní London kí wọ́n tó fi jẹ àlùfáà ní 1843. Ṣé Ẹ̀mí tiwa wá ju tiẹ̀ lọ ni?

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé náà ńkọ́? Ní 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìjọ sì ń bá ìjọba ṣe é. Nígbà tó di àárín ọdún 1970 sí 1979, ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Orúkọ ẹni mímọ́ ṣì wà lára pátákó, ṣùgbọ́n tí ìjì bá gbé páànù lọ, ìjọba á ní owó ò sí, ìjọ á ní kì í ṣe tàwọn mọ́. Àwọn ọmọ wá di adìyẹ tó bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Àwọn kan ń pariwo pé kí ìjọba dá a padà. Kò burú. Ìjọba Èkó dá díẹ̀ padà ní 2001, ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé gorí igi, àwọn òbí sì sunkún. Ní Anambra, nígbà ìjọba Peter Obi, wọ́n dá tiwọn padà, ìjọba sì tún fi owó tì í. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín léèrè: tí wọ́n bá dá ilé-ìwé padà fún wa lọ́la, ta la fẹ́ gbé síbẹ̀? Ṣé ìjọ tí ò lè kọ́ tíṣà kan ṣoṣo ló fẹ́ bójú tó ọgọ́rùn-ún tíṣà?

Kí wá ni ká ṣe? Kò le tó bá a ṣe rò. Archbishop Vining College wà l'Ákùúrẹ́ níbí, kò jìnnà. Kí ìjọ tó bá fẹ́ ṣe ìkórè yọ apá kan nínú mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ tíṣà àti olùkọ́ Ẹ̀kọ́ Ìsinmi, kó tó kan ọ̀dà àti táìlì. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà l'Ọ́yẹ̀ẹ́ láti 2011, ẹ̀ka ẹ̀ wà n'Ìkọ̀lé. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ibẹ̀ ló ń jókòó nínú ìjọ wa lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi Sátidé kan lóṣù kọ́ àwọn tíṣà ìjọ. Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà nínú Ẹgbẹ́ Ìyá, kí wọ́n kọ́ wọn ní nǹkan kan péré: àìsàn tó jẹ́ pé bí a ṣe ń gbàdúrà la ó ti máa wá mọ́tò.

Èyí tó kẹ́yìn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ sí síńọ́ọ̀dù. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń bi yín pé èló ni ìjọ yín dá. Lọ́dún yìí, ẹ dìde, kẹ́ ẹ béèrè tiyín: tíṣà mélòó la kọ́ lẹ́kọ̀ọ́?

Àwọn bàbá wa ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi: ọmọ tá ò kọ́ ni yóò gbé ilé tá a kọ́ tà. Mo ti fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ sí tíṣà yẹn, kó fi ra ìwé. Kò tó, mo mọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ wo abúlé yín, tíṣà tiyín wà níbẹ̀. Ẹ bi í pé ibo ló ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀. Tó bá rẹ́rìn-ín, ẹ ti gbọ́ èsì.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.