Ẹ Lè Wo Tẹlifíṣàn Láìsan Owó Oṣooṣù

Ọ̀rọ̀ owó dìkódà la fẹ́ sọ lónìí, nítorí pé ó ti di ìnira nínú ọ̀pọ̀ ilé.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, owó DStv Compact kúrò ní ₦15,700, ó di ₦19,000 lóṣù. Tí a bá ṣírò rẹ̀ fún oṣù méjìlá, ₦228,000 ni. Owó yìí tó ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún àgbàlagbà fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè ti owó ilé-ìwé ọmọ lẹ́yìn.

Àwọn kan rò pé ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀rọ ìgbàlódé kò lè ṣe kó má san irú owó bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ràn ẹ̀rọ púpọ̀, síbẹ̀ n kì í san án. Ẹni tó bá mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ ló máa ń mọ ibi tí kò yẹ kó náwó sí.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí pé nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, eríàlì la fi ń gbà á. Ọmọ kan á máa yí òpó níta, ẹni tó wà nínú ilé á pariwo pé, "Ó ti dáa, má yí i mọ́!" Eríàlì kò tíì di ohun àtijọ́. Ètò FreeTV tí ìjọba gbé dé Ọ̀ṣun ní ọdún 2018 àti Èkó ní ọdún 2021, eríàlì àti àpótí kékeré kan ni wọ́n fi ń gbà á. Ẹ kọ́kọ́ bi aládùúgbò yín bóyá ó ń mú dáadáa ládùúgbò yín kí ẹ tó rà á.

Ọ̀nà kejì ni dìkódà ọ̀fẹ́ tó ń lo àwo sátẹ́láìtì. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa sanwó ẹ̀rọ àti owó ẹni tó bá a yín so ó.

Ọ̀nà kẹta ni íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Iléeṣẹ́ Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé àwòrán tó mọ́ kedere lè jẹ dátà tó 3GB ní wákàtí kan, èyí tí kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ á jẹ tó 1GB. Ẹni tó bá ń wo èyí tó mọ́ kedere fún wákàtí méjì lójúmọ́ lè jẹ 180GB lóṣù kan. Ó sá fún owó dìkódà, ó bọ́ sọ́wọ́ owó dátà nìyẹn! Ẹ ní kí àwọn ọmọ bá yín dín mímọ́ àwòrán kù.

Ká má parọ́, púpọ̀ nínú bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí lọ́fẹ̀ẹ́. Bí bọ́ọ̀lù nìkan ló ń mú yín sanwó, ẹ dá a dúró ní oṣù kẹfà àti oṣù keje tí líìgì bá ti lọ ìsinmi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí àgbàlagbà má gun òrùlé nítorí eríàlì. Kí òpó irin má sún mọ́ wáyà iná rárá. Bí òjò bá ti ṣú, ẹ yọ wáyà iná àti wáyà eríàlì kúrò lára tẹlifíṣàn kí àrá tó bẹ̀rẹ̀ sí í sán.

Pé ó jẹ́ ọ̀fẹ́ kò ní ká máa wò ó tọ̀sán-tòru. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì má wo tẹlifíṣàn rárá, kí ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Ẹ̀yin àgbà, bí ìpolówó ọjà bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ dìde, ẹ rìn yíká pálọ̀, kí ẹsẹ̀ má baà kú tipiri.

Owó tí ẹ bá rí fi pamọ́, ẹ tètè yà á sọ́tọ̀ fún oògùn tàbí ìwé ọmọ, kó má baà bá ọ̀nà mìíràn lọ. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.