Bí A Bá Rán Ni Níṣẹ́ Ẹrú: Ìwé Sembène àti Wàhálà Ojú Fèrèsé Ìjọba

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí ni àwọn àgbà fi ń kọ́ ọmọ tí iṣẹ́ bá bọ́ sí lọ́wọ́: kí ó fi ọgbọ́n bo àbùkù ẹni tó rán an, kí ó sì fi sùúrù jẹ́ iṣẹ́ tí a kò fi sùúrù rán. Ẹ̀kọ́ gidi ni. Síbẹ̀, òwe náà fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ láìsọ. Ó kọ́ ẹni tí a rán, kò bá ẹni tó rán ni wí. Lóde òní, iṣẹ́ kékeré bíi gbígba owó ní báńkì, títún orúkọ ṣe lórí káàdì tàbí gbígba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí lè gba odindi ọ̀sẹ̀ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ibi tí òwe náà dákẹ́ sí ni ìwé ìtàn àròsọ òṣèlú ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó lókìkí jù ní Áfíríkà kò sọ̀rọ̀ ààrẹ, kò sì sọ̀rọ̀ ìfipágbàjọba. Ọkùnrin kan tó fẹ́ lọ gba owó ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Le Mandat ni orúkọ ìwé náà, Ousmane Sembène ará Senegal ló kọ ọ́, ó sì jáde ní ọdún 1966. Mandat ni àwọn Faransé ń pe ìwé owó tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń san, èyí tí àwọn àgbà Yorùbá mọ̀ sí mọ́nì ọ́dà. Ziguinchor, ní gúúsù Senegal, ni wọ́n bí Sembène sí ní 1923. Ọmọ apẹja ni. Ó ṣe sójà fún Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣe alábàárù ní èbúté Marseille, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ èbúté yìí ló bí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Le Docker noir, ní 1956. Nígbà tí Le Mandat fi jáde, Senegal ti gba òmìnira láti 1960. Òyìnbó ti dìde lẹ́yìn káńtà, ọmọ onílẹ̀ ti jókòó síbẹ̀. Ìbéèrè tí ìwé náà ń bèèrè ni pé, kí ló wá yí padà fún ẹni tó dúró níwájú káńtà?

Ibrahima Dieng, ará Dakar, ti lé ní ọdún kan láìníṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ní ìyàwó méjì, Mety àti Aram, ọmọ sì pọ̀ nílé. Abdou, ọmọ arábìnrin rẹ̀ tó ń gbálẹ̀ ìgboro ní Paris, fi mọ́nì ọ́dà 25,000 faranki CFA ránṣẹ́ sí i. Nínú rẹ̀, 20,000 jẹ́ ti Abdou fúnra rẹ̀ tí Dieng yóò bá a fi pamọ́, 3,000 jẹ́ ti ìyá Abdou, 2,000 péré ló kan Dieng. Kí ó tó fojú kan owó, gbèsè ti wọlé, nítorí àwọn ìyàwó ti fi ìròyìn owó ra ìrẹsì láwìn lọ́wọ́ Mbarka onísọ́ọ̀bù. Àwọn aládùúgbò náà ti gbọ́, oníkálukú ti ń gbé ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ìrìn bẹ̀rẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ní kí ó mú káàdì ìdánimọ̀ wá. Ó mú ìwé owó orí jáde, ó mú káàdì ìdìbò jáde, wọ́n ní kò sí fọ́tò níbẹ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, fọ́tò mẹ́ta àti sítáǹpù 50 faranki wá. Ọ́fíìsì ìlú ní kí ó sọ ọjọ́ àti oṣù tí wọ́n bí i. Ohun tó mọ̀ kò ju pé Dakar ni, ní nǹkan bí ọdún 1900. Onífọ́tò gba owó, fọ́tò kò jáde, ìjà ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Ọjọ́ sì ń lọ, bẹ́ẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ kò ní tọ́jú owó náà títí láé. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i.

Ohun kan wà tí òǹkàwé ní láti kíyè sí níbí: kò sí akọ̀wé kan nínú wọn tí kò ní àwíjàre. Ilé ìfìwéránṣẹ́ kò gbọdọ̀ kó owó olówó lé ẹni tí kò mọ̀ lọ́wọ́. Ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ fún ẹni tí kò ní ẹ̀rí ìbí ní káàdì. Akọ̀wé ọjọ́ ìbí kò sì mọ ojú ewé tí yóò ṣí bí kò bá mọ ọjọ́ tó ń wá. Tí ènìyàn bá dá wọn gbọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló jàre. Ìgbà tó bá to àwíjàre wọn pọ̀ ló tó hàn pé òrùka ni, kò lórí, kò nídìí: ẹni tó níwèé ló lè rí ìwé gbà. Ẹni tó wà lórí ìlà kì í rí òrùka yìí. Fèrèsé iwájú rẹ̀ ló ń rí, akọ̀wé tó kanra mọ́ ọn ló sì ń bínú sí. Ṣùgbọ́n òǹkàwé tó jókòó ti ìwé náà fún wákàtí díẹ̀, tó tẹ̀lé Dieng láti fèrèsé dé fèrèsé, ti fi ojú kan gbogbo ọ̀nà náà tán kí ó tó dìde. Èyí ni èrè ìwé ìtàn àròsọ òṣèlú, òun náà sì ni ìdí tó fi yẹ kí ẹni tí ìlà ti sú máa kà á.

Ọ̀ràn ọjọ́ ìbí Dieng kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwọn àgbà ń ka ọjọ́ orí dáadáa, ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fi ń kà á: ọba tó wà lórí ìtẹ́, ogun tó jà, ọdún tí eṣú jẹ oko. Ará Ìbàdàn tó jẹ́ ẹgbẹ́ Dieng lè sọ pé ìgbà tí rélùwéè dé, ní 1901, ni wọ́n bí òun. Ìmọ̀ nìyẹn, àmọ́ òfo ni lójú fọ́ọ̀mù bí kò bá ti wọ inú àlàfo tí fọ́ọ̀mù là sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà fi ní láti lọ búra ní kóòtù kí wọ́n tó ní ọjọ́ ìbí. Orúkọ náà ní wàhálà tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ ní Sola lórí ìwé kan, tí wọ́n kọ ní Shola lórí òmíràn, nítorí pé ẹ̀rọ kò ní àmì abẹ́ Ṣ, ti di ènìyàn méjì lójú báńkì. Ó lè ní láti san owó ìbúra, kí ó tún kéde ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí ó tó padà di ẹnì kan ṣoṣo.

Èdè ni ògiri kejì. Wolof ni Dieng ń sọ, Faransé ni fọ́ọ̀mù ń sọ. Kódà lẹ́tà tí ọmọ arábìnrin rẹ̀ kọ sí i, ẹlòmíràn ló bá a kà á. Sembène mọ̀ pé ògiri yìí ká òun náà mọ́, nítorí Faransé ni òun fi kọ ìwé, irú Dieng kò sì lè kà á. Ní 1968 ó sọ ìtàn náà di fíìmù ní èdè Wolof, ó pè é ní Mandabi, kí ọ̀rọ̀ lè dé etí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ní 1972, Clive Wake túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ àwọn òǹkàwé Nàìjíríà sì tó o nípasẹ̀ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà bá dí sí ni alárinà ti ń la ọ̀nà ẹ̀bùrú. Mbaye, ọmọ Senegal tó kàwé, tó ń ṣòwò, tó sì ní mọ́tò, ní kí Dieng fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kí òun bá a gba owó náà. Ó gbà á lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ó ní wọ́n jí i mọ́ òun lápò, ó sì fi ìrẹsì tu Dieng nínú. Ẹni tó bá ń pe Mbaye ní olè lásán kò tíì ka ìwé náà jinlẹ̀. Ìlà tí kò lọ ni oko tí irú Mbaye ń ro. Bí ìlà bá lọ geere, ebi ni yóò pa á. Nàìjíríà rí irú èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Báńkì Àpapọ̀ ti kéde ní oṣù Kẹwàá 2022 pé òun yóò pààrọ̀ náírà 200, 500 àti 1,000. Nígbà tó yá, owó wọ́n ní báńkì débi pé àwọn ènìyàn ń fi owó ra owó lọ́wọ́ oníPOS. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ló dá a ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 2023 pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí di ìparí ọdún náà. Owó wà lórúkọ olówó, olówó kò rí i ná: Dieng ti jẹ irú ìyà náà rí.

Àwọn kan yóò jiyàn pé Dieng ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣera rẹ̀. Ó ń náwó tí kò tíì rí, ó ń ṣe bí ọlọ́lá, ó sì ń pàṣẹ wàá fún ìyàwó. Òótọ́ ni, Sembène kò sì fi bò. Ṣùgbọ́n wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́; ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ẹni tó gbọ́n ju Dieng lọ ìbá ti tọ́jú owó rẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ kò ní ní ọjọ́ ìbí tí yóò kọ sí fọ́ọ̀mù.

Àwọn mìíràn yóò ní ìwé kíkà kò lè mú ìlà yá, àti pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Èyí náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹni tí kò mọ ìtàn Dieng, bó bá dé ọ́fíìsì, ohun tí yóò kọ́kọ́ bèèrè ni pé, ta ni mo mọ̀ níbí? Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò bèèrè pé, ta ló la ọ̀nà yìí, kí ló dé tó fi là á báyìí? Ìbéèrè àkọ́kọ́ ń wá Mbaye. Ìbéèrè kejì ló lè tú òrùka.

Àwọn tó kù yóò ní ìwé àtijọ́ ni, ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé. Ní oṣù Kejìlá 2020, ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ pé kí oníkálukú so nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ nọ́ńbà fóònù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò ti fóònù pa. Èrò ya bo àwọn ibi ìforúkọsílẹ̀, àjàkálẹ̀ kòrónà sì wà níta. Ẹ̀rọ pààrọ̀ fèrèsé, òrùka kò yí padà. Dípò kí akọ̀wé ní kí ènìyàn lọ kó ìwé wá, nẹ́tíwọ̀kì ni kò sí.

Lítíréṣọ̀ Yorùbá náà kò ṣaláìmọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ ní 1969 dá lórí àwọn tó kọ ìsìn tí Ọ̀yọ́ fi dè wọ́n. Wọ́n gbà pé iṣẹ́ ẹrú kì í di iṣẹ́ ọmọ nítorí pé ẹni tó ń jẹ́ ẹ mọ̀wàá hù. Dieng kò dé ibẹ̀. Ní òpin ìwé, ó ti gbà pé òótọ́ kò lérè mọ́. Ẹni tó kó ìwé owó wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ló padà dé, tó sì sọ fún un pé àwọn ará ìlú fúnra wọn ló máa tún ìlú ṣe.

Sùúrù ń bu iyì fún ẹni tí a rán, kò dá ẹni tó rán ni láre. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ẹni tó fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ ẹrú ti ṣe tirẹ̀ láṣepé. Ó ku kí a bi ẹni tó rán an pé, èwo ni ti iṣẹ́ ẹrú?