Aràn Inú Awọ, Orúkọ Rẹ̀ àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Èdè

Ìpàdé àwọn onímọ̀ èdè ni ó gbé mi dé ìlú Douala ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ṣùgbọ́n inú ọjà tí wọ́n ń pè ní Marché Dakar ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Faransé àti Píjìnì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ná ọjà níbẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ tí obìnrin kan ń fi ohùn Ìbàràpá pe ọmọ rẹ̀ láàárín ariwo náà, ẹsẹ̀ mi dúró. Aláṣọ ni. Ìgbòọrà ni wọ́n ti bí i, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí ó ti ń gbé Douala. A kí ara wa tán, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń mú mi kiri wá sọ fún un pé Dókítà ni mí.

Kí n tó ṣàlàyé irú dókítà tí mo jẹ́, ìyá náà ti pe ọkọ rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn ìsọ̀. "Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wo ara bàbá àwọn ọmọ mi." Ọkùnrin náà ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Awọ ojúgun rẹ̀ méjèèjì ti ṣí tótòtó bí awọ ẹkùn, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lára rẹ̀ ní gbogbo àkókò tí a fi dúró. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń kiri ọjà ní àwọn abúlé ẹ̀bá odò Sanaga, ní apá Édéa. Kúrúnà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Odidi ọdún méjì ni wọ́n fi ra ọṣẹ àti ìpara kúrúnà. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn kan, nọ́ọ̀sì sọ fún wọn ní èdè Faransé pé "filaire" ni. Ó ní kí ọkùnrin náà wá gba oògùn oníhóró. Ó kọ̀ jálẹ̀, nítorí ó ti gbọ́ ní ẹnu àwọn ọlọ́jà pé oògùn filaire ti pa ènìyàn rí ní apá Yaoundé.

Mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú, dókítà ti èdè ni mí." Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé èdè náà ń ṣàìsàn ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó wá fi kún un pé, "Ó dáa, bí ó bá jẹ́ ti èdè ni, ẹ sọ ohun tí wọ́n wí fún wa ní Yorùbá."

Ojú tì mí, nítorí n kò lè sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Èmi tí mo ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi lórí ìtumọ̀ àti ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, gbogbo ohun tí ó wà ní ẹnu mi ni "kòkòrò kan ni". Kòkòrò! Ohun tí ń fa kúrúnà, kòkòrò ni à ń pè é. Eṣinṣin, kòkòrò ni. Aràn inú awọ, bí ìwé ìlera wa bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀, kòkòrò náà ni. Bakitéríà tí ojú lásán kò lè rí, kòkòrò àìfojúrí. Ohun mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan, a kó wọn sínú àpò ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ọkùnrin náà ni ó gbà mí sílẹ̀. Mo bi í pé bí ara bá ń yún ènìyàn báyìí ní ilé, tí awọ rẹ̀ ń ṣí, kí ni àwọn àgbà ń pè é? Ó ronú díẹ̀. Ó ní bàbá òun a máa pè é ní inárun, ṣùgbọ́n òun rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá ti dé Ìbàràpá tàbí Òkè-Ògùn yóò mọ inárun. Àrùn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní onchocerciasis wà lára ohun tí orúkọ náà dúró fún, àwọn olùwádìí sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ẹnu àwọn ará Ìgbòọrà. Aràn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń jẹ́ Onchocerca volvulus ni ó ń fà á. Eṣinṣin dúdú kékeré etí odò tí omi rẹ̀ ń sáré, èyí tí àwọn kan ń pè ní amùkúrù, ni ó ń gbé e láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Ìyá aràn náà lè gùn tó ìdajì mítà, a máa ká jọ sínú kókó lábẹ́ awọ, ó sì lè lo ọdún 10 sí 15 níbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ń rìn kiri inú awọ ni ó ń fa yíyún. Bí wọ́n bá dé ojú, ojú lè fọ́. Kúrúnà yàtọ̀ pátápátá. Ohun abẹ̀mí tín-ín-tín kan tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni ó ń gbẹ́ ihò sínú awọ, ara kíkan ara ni ó sì ń gbé e kiri, kì í ṣe eṣinṣin. Ọṣẹ kúrúnà kò lè rí aràn inú kókó bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rù tí ó ba ọkùnrin náà kì í ṣe àhesọ lásán. Ní Kamẹrúùnù, aràn mìíràn wà tí ń jẹ́ Loa loa, èyí tí ènìyàn máa ń rí bí ó ti ń gba orí ẹyin ojú kọjá. "Filaire" ni ẹnu ọjà ń pe òun náà. Ivermectin, oògùn tí ilé-iṣẹ́ Merck ti ń fi tọrẹ fún ìtọ́jú àrùn etí odò láti ọdún 1987, a máa pa ọmọ aràn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Loa loa bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan, tí oògùn sì pa wọ́n lójijì, ọpọlọ lè gbọgbẹ́, ẹni náà sì lè dákú tàbí kí ó kú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Okola, nítòsí Yaoundé, ní ọdún 1999 nìyẹn; wọ́n ní láti dá pínpín oògùn náà dúró. Ní ọdún 2015, Ọ̀jọ̀gbọ́n Joseph Kamgno àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí Okola pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tí a fi fóònù alágbèéká ṣe, tí ń ka iye ọmọ Loa loa nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n yẹ àwọn ènìyàn tí ó ju 16,000 lọ wò. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù, wọn kò fún un ní oògùn náà; ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìyókù gbà á, kò sì sí èyí tí wàhálà ọpọlọ bá. Nítorí náà, ohun tí ọkùnrin Marché Dakar nílò kò ju gbólóhùn méjì lọ: pé aràn méjì ni ń jẹ́ orúkọ kan náà, àti pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó lè sọ bí èkejì bá wà lára rẹ̀. Kò rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún un ní èdè tí ó fi ń ronú.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti ilé-iṣẹ́ Sanger ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti láti ibòmíràn gbé jínóòmù aràn inárun jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature Microbiology. Orúkọ Kamẹrúùnù ni ó wà lára ẹ̀dà tí àwọn olùwádìí àgbáyé ń lò títí di òní. Nǹkan bí mílíọ̀nù 97 lẹ́tà ni wọ́n kà, wọ́n sì rí ohun tí ó lé ní 12,000 jíìnì nínú rẹ̀. Níbí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ wa, àwa olùkọ́ èdè, ni.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń pe iṣẹ́ yìí ní "títo jínóòmù". N kò fara mọ́ ọn. Àwọn onímọ̀ náà kọ́ ni wọ́n to lẹ́tà ọ̀hún. Nínú aràn ni wọ́n ti bá a ní títò. Kíkà ni wọ́n kà á. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni ó wà nínú ìwé náà: A, C, G àti T. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní ìtumọ̀ fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìró /b/ tàbí /k/ kò ti ní ìtumọ̀ fúnra rẹ̀ nínú èdè Yorùbá. Nígbà tí mẹ́ta bá tò tẹ̀lé ara wọn ni wọ́n ń tọ́ka sí èròjà kan tí a fi ń mọ purotéènì. Bí ẹ bá pa ipò lẹ́tà kan dà, iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ lè yí padà, bí ìgbà tí a bá pa ohùn orí "ọkọ" dà tí ó di "ọkọ́". Olùkọ́ tí ó bá ti kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ láàárín ìró àti ọ̀rọ̀ ti kọ́ ọ ní ìdajì ẹ̀kọ́ nípa àbùdá láìmọ̀. Bí wọ́n sì ti ṣe kà á kò ṣòro láti sọ: ẹ jẹ́ kí a rò ó pé a ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀dà ìwé kan náà sí wẹ́wẹ́, a ka ègé kọ̀ọ̀kan, a sì ń wo ibi tí ìparí ègé kan ti bá ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn mu, títí ìwé náà fi pé. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe àfiwé náà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fi ìwé ìròyìn àtijọ́ àti sísọ́ọ̀sì dán an wò ní kíláàsì.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò rántí Ifá níbí. Òótọ́ ni pé bí a bá to lẹ́tà mẹ́rin sí ipò mẹ́rin, ọ̀nà 256 ni yóò jáde, iye kan náà pẹ̀lú ojú odù. Ìṣirò ni ó pa wọ́n pọ̀. Kò fi hàn pé àwọn baba wa ti mọ DNA, kò sì yẹ kí a fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pá akẹ́kọ̀ọ́ lórí.

Kíkà tún yàtọ̀ sí òye. Ọ̀pọ̀ jíìnì aràn náà wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ iṣẹ́ wọn, bí ìgbà tí a bá lè pe gbogbo ọ̀rọ̀ inú èdè àjèjì kan láìgbọ́ ohun tí ó wí. Síbẹ̀ ohun tí ó ti yé wọn kò kéré. Aràn inárun fúnra rẹ̀ ní àlejò nínú: bakitéríà kan tí ń jẹ́ Wolbachia ń gbé inú ara rẹ̀, aràn náà kò sì lè bímọ dáadáa láìsí i. Bí a bá fi oògùn bíi doxycycline pa àlejò yìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ìyá aràn yóò yàgàn, yóò sì kú ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Ivermectin kò lè ṣe èyí. Àwọn ọmọ ni ó ń pa, ìdí nìyẹn tí a fi ń lò ó lọ́dọọdún. Jínóòmù Loa loa tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2013 sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò ní Wolbachia rárá, nítorí náà doxycycline kì í fa ìjàǹbá òjijì fún ẹni tí ó ní aràn méjèèjì. Ìyàtọ̀ tí "filaire" bò mọ́lẹ̀ nínú ọjà ni ìwé àbùdá ṣí payá. Oògùn yìí kò rọrùn láti pín káàkiri ìlú, nítorí pé ó pẹ́, a kì í sì í fún aláboyún àti ọmọ kékeré. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá òmíràn nínú àwọn jíìnì tí wọ́n ti kà.

Èwo wá ni tiwa? Láti ìgbà tí ìdìpọ̀ kìn-ín-ní Èdè-Ìperí Yorùbá ti jáde ní ọdún 1984 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, tí èkejì sì tẹ̀lé e ní ọdún 1990 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì, a ti ní ọ̀rọ̀ láti fi sọ̀rọ̀ nípa èdè àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ̀pọ̀ nínú wa di ẹni tí ń rò pé bí a kò bá tíì rí orúkọ fún nǹkan, a kò lè kọ́ni ní nǹkan náà. Mo ti jókòó nínú ìpàdé tí a fi gbogbo òwúrọ̀ jà lórí bóyá kí a yá "jíìnì" lò tàbí kí a pè é ní "àbùdá", tí kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí ó lè fi gbólóhùn mẹ́ta ṣàlàyé ohun tí jíìnì ń ṣe. Èmi gbà pé kí a yá orúkọ tí a bá nílò, kí á sì kọ ọ́ ní àkọtọ́ wa. Ohun tí a kò lè yá ni àlàyé, àti ìyàtọ̀ tí èdè wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kúrúnà kì í ṣe inárun: àwọn àgbà Ìbàràpá ti ya wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ka lẹ́tà kan nínú aràn. Àwa olùkọ́ ni a jẹ́ kí inárun di ọ̀rọ̀ àtijọ́. Mo béèrè orúkọ àrùn awọ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí mo ń kọ́, wọ́n kọ èélá, làpálàpá àti kúrúnà. Ẹni méjì péré ni ó kọ inárun, ọ̀kan nínú wọn sì ní òun kò mọ ohun tí ó jẹ́.

Ẹnì kan lè sọ pé àkókò kò wọ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, a gbọ́ láti ẹnu mínísítà ètò ẹ̀kọ́ pé wọ́n ti wọ́gi lé e. Iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, tí ó fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì láṣeyọrí, kò sì jọ pé àwọn tí ó wọ́gi lé e náání rẹ̀. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí olùkọ́ Yorùbá má fi aràn inárun ṣe àyọkà nínú iṣẹ́ tirẹ̀, tàbí kí ó má rán ọmọ lọ bi ìyá àgbà léèrè orúkọ ohun tí ń yún awọ.

Ní ọjọ́ kejì, mo padà sí Marché Dakar kí n tó kúrò ní Douala. Ní òru, mo ti kọ ohun tí mo lè kọ sí ojú ìwé kan, ní Yorùbá: aràn méjì, eṣinṣin méjì, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àti ìbéèrè tí ọkùnrin náà yóò bi nọ́ọ̀sì, tí mo tún kọ ní Faransé sí ìsàlẹ̀. Ó kà á sókè ketekete fún ìyàwó rẹ̀ láàárín àwọn aṣọ. Ó ní òun yóò lọ ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Nígbà tí ó ka ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa àlejò inú aràn, ìyá náà dá a dúró, ó kọjú sí mi: "Dókítà èdè, kòkòrò tí ń gbé inú aràn yẹn, kí ni à ń pè é ní Yorùbá?" Mo sọ fún un pé a kò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní, "Ta ni ẹ ń dúró dè?"