OMI TÓ MỌ́ LÓJÚ LÈ MÁ MỌ́ NÍNÚ

A mọ̀ pé omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n ọ̀tá lè fara pamọ́ sínú omi. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí nìyẹn.

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, a kọ́ni ní ilé kéwú kan tí a kò ní dárúkọ. Omi kànga ibẹ̀ mọ́ gaara, ó sì tutù nini. Ṣáláńgá wà lókè rẹ̀, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn ọmọ, ọ̀kan ń tẹ̀lé òmíràn. Àwọn kan ní àgbàdo tuntun ni, àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. A dá àgbàdo lẹ́bi, a dá aráyé lẹ́bi, a kò bi omi ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn wá títí di òní, nítorí àwa náà wà lára àwọn tó ń fa omi yẹn fún wọn mu.

Nínú ìwé fíkìhì, àwọ̀, ìtọ́wò àti òórùn ni a fi ń mọ omi tó tọ́ fún àlùwàlá. Ìdájọ́ yẹn dúró digbí, a kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni omi tó tọ́ fún àlùwàlá, ọ̀tọ̀ ni omi tí kò ní pa ọmọ lára. Bakitéríà tó ń fa àrùn onígbáméjì lè wà nínú omi kí ojú má rí i, kí imú má gbóòórùn rẹ̀, kí ahọ́n má sì mọ̀ ọ́n.

Báwo wá ni a ṣe ń dá a mọ̀? Láti ayé Robert Koch ará Jámánì, ní nǹkan bí 1880 sí 1890, àwọn onímọ̀ máa ń da omi díẹ̀ sórí oúnjẹ bakitéríà nínú àwo, wọn a sì dúró kí ó hù. Èyí tó bá hù ni wọ́n ń kà. Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní àléébù: nínú omi odò, èyí tó ń hù nínú àwo kì í sábà tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Rita Colwell ará Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn láti 1982 pé bakitéríà onígbáméjì pàápàá lè wà láàyè nínú omi kí ó má sì hù nínú àwo.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi wá ọ̀nà mìíràn. Ohun abẹ̀mí kọ̀ọ̀kan ló ní àkọsílẹ̀ àjogúnbá tí à ń pè ní DNA. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́: A, T, C àti G. T nìkan ni A ń bá so pọ̀, G nìkan ni C ń bá so pọ̀. Àwọn onímọ̀ a ṣe ègé kékeré kan, bí ogún lẹ́tà, tó bá ibi kan mu nínú àkọsílẹ̀ bakitéríà tí wọ́n ń wá tàbí nínú ẹ̀dà rẹ̀. Wọn a fi aró tó ń tàn sí i lára, wọn a sì fi sínú omi tí wọ́n bù. Bí ẹni bá ki oríkì orílẹ̀ láàárín ọjà, ẹni tó ni ín ni yóò yíjú. Bẹ́ẹ̀ ni bakitéríà náà yóò ṣe tàn lábẹ́ máíkírósíkópù, yálà ó ń hù nínú àwo tàbí kò hù. Edward DeLong àti Norman Pace wà lára àwọn tó fi ọ̀nà aró yìí hàn ní 1989.

Ibi tí wọ́n ti ń tún omi ìdọ̀tí ṣe ni ọ̀nà yìí ti tú àṣírí ńlá kan. Ìwé ti ń sọ tipẹ́ pé Nitrobacter ló ń sọ nitrite di nitrate níbẹ̀, nítorí òun ló ń hù nínú àwo. Láàárín 1990 sí 2000, nígbà tí wọ́n ki oríkì, Nitrospira ló jẹ́ wọn lóhùn níbi púpọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ́ ni wọ́n ti ń yìn.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, kí ló kan Ìtàjí? Ó kàn wá. Ní 2017, àwọn onímọ̀ fi àkọsílẹ̀ bakitéríà onígbáméjì tó lé ní 1,000 wéra, wọ́n sì rí i pé ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni àrùn náà wọ Áfíríkà láti 1970. Ní 2021 nìkan, àjọ NCDC kéde pé ènìyàn 3,604 ló bá a lọ ní Nàìjíríà. Ìmọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa mọ́: ní Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni wọ́n ti ka àkọsílẹ̀ kòkòrò kòrónà ní oṣù kẹta 2020, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà.

A kò sọ pé kí mọ́sálááṣí ra ẹ̀rọ olówó ńlá. Ọ̀nà tuntun yìí kì í fọ omi mọ́, àwọn kan nínú irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ sì máa ń ka òkú bakitéríà mọ́ alààyè. Àyẹ̀wò àtijọ́ ṣì wúlò: kò gbọdọ̀ sí E. coli, kòkòrò inú ìgbẹ́, nínú 100 mílílítà omi mímu. Ohun tí à ń bèèrè ni pé kí a yẹ kànga ilé kéwú àti ti mọ́sálááṣí wò lọ́dọọdún, nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 2011, tó ní ọgbà ní Ìkọ̀lé, kò jìnnà sí wa. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà wa lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga, ó kéré tán 30 mítà, kó má sì wà lókè rẹ̀. Títí a ó fi mọ ohun tó wà nínú omi wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sè é kí ọmọ tó mu ún.

Bí a bá lè dáwó ra gbohùngbohùn tuntun, a lè dáwó yẹ omi wò. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Kí Ọlọ́hun dáàbò bo àwọn ọmọ wa. Àmín.